Èémí Kejì fún Olómi

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹwàá

Olómi ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní bí n bá fẹ́ máa kùn, kí n máa kùn sínú rẹ̀, kí etí òun lè sinmi díẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹni tó fẹ́ òmùwẹ̀ níyàwó, ibo ló tún fẹ́ máa kùn sí?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilẹ̀kùn irin tó wà nísàlẹ̀ ibú, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́ kí omi tó gbà á, ti dógùn-ún, ó ti lẹ̀ pinpin. Bí wọn kò bá ṣí i kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó jinlẹ̀, omi ẹ̀rọ kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí títí òjò mìíràn á fi rọ̀. Ìyàwó mi ló mọ ilẹ̀kùn náà bí ẹni mọ ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ rán. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Gígùn, olórí wọn níbi iṣẹ́, ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ìsàlẹ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ èémí kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí èyí tó gbé sẹ́yìn bá kọṣẹ́, kí èyí tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbà á.

Mo béèrè ìdí tí kò fi lè gbé ìgò afẹ́fẹ́ lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olómi ní níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, omi máa ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé èémí díẹ̀ á ti jẹ ìgò kan tán. Kó tó gòkè, á ti nílò ìgò tó kún yàrá. Ẹ̀rọ èémí kì í fi nǹkan ṣòfò ní tirẹ̀: ohun tí o mí sóde ló máa gbà, á sẹ́ ẹ, á fi ọ́síjìn díẹ̀ kún un, á sì dá a padà fún ọ.

Ọ̀gá Gígùn ló kọ́ ti àkọ́kọ́. Òfin wọn ni pé ọwọ́ tó kọ́ ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọ́ èkejì, nítorí ọwọ́ kan náà lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ni ìyàwó mi bá dìde láàárín ìpàdé, ó ní ọkọ òun á kọ́ ọ. Èmi. Alátùn-únṣe fíríìjì. Èmi tí omi bá kọjá orúnkún mi, mo ti ń wá ẹni tí màá dì mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Òjò. N kò lè jẹun dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ọ̀gá Gígùn kó ẹrù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ga débi pé ó tẹ orí ba kó tó wọlé, síbẹ̀ ó fi iwájú orí gbá àtẹ́rígbà. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mi, ó ń to nǹkan sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: agolo ńlá, ìgò kékeré méjì, páìpù rọ́bà méjì tó ń ká tó ń nà, àwọn ojú kéékèèké tó ń ka ọ́síjìn, àti fáàfù rọ́bà tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, èyí tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni èémí lè gbà kọjá nínú rẹ̀. Àpò tí èémí máa wà nínú rẹ̀, èmi ni màá ṣe é. Páìpù bàbà tó máa gbé ọ́síjìn láti inú ìgò, èmi náà ni.

Ó wá fa àga, ó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ kan ló gbé òun wá gan-an, òróró ni. Òróró kankan kò gbọdọ̀ kan ibi tí ọ́síjìn ń gbà, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bí ọ́síjìn bá fi agbára tú jáde nínú ìgò, tó sì bá òróró lọ́nà, iná ló máa bí. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bí ọmọ ilé ìwé. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó sì tún fi orí gbá àtẹ́rígbà bó ṣe ń jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Owó rọ́bà pẹlẹbẹ ti lọ sókè láti ìgbà tí mo ti rà á kẹ́yìn. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Mo gé àpò náà, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo fẹ́ ẹ kún, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú dírọ́ọ̀mù omi. Ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde wínníwínní ní gbogbo etí rẹ̀. Mo tún un lẹ̀. Ó tún tú. Ìyá ìyàwó mi, tó ń bá wa gbé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Iṣẹ́ tí Màmá fi tọ́ ọmọ ni rírán ìbora ọkọ̀ ẹrù, irú èyí tí òjò kì í rí ọ̀nà gbà wọlé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ní kí n gbé e wá, kí n yé fìyà jẹ rọ́bà onírọ́bà.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìbora tó máa bò ó lókè. Ó ń rán an lọ, kò gbójú sókè, ó wá bi mí léèrè bóyá inú àpò yìí ni ọmọ òun á máa mí sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó tú gbogbo èyí tó ti rán, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀ọ́tun.

Ọjọ́rú, 11

Agolo lónìí. Inú rẹ̀ ni horo funfun ń gbé, òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú èémí. Mo kọ́kọ́ rò pé ká kàn dà á kún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dà á, èèyàn á máa fi ọwọ́ gbá agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ kí horo náà lè fìdí kalẹ̀, kí àyè má sì ṣẹ́kù sáàárín. Bí àyè bá wà, èémí ò ní dúró kí wọ́n sẹ́ òun. Èémí náà dà bí èèyàn, ibi tó bá rọrùn ló máa gbà.

Mo bi Olómi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí èémí tí wọn ò sẹ́ bá padà sí i. Ó ní kò ní dun òun, òun á kàn sùn. Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ mọ́. Ó ní èmi ni mo béèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ó mí. Ẹ̀rọ mi mí.

Olómi jókòó sórí àga nínú pálọ̀, ó dí imú, ó mú ẹnu ẹ̀rọ sẹ́nu, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó ń wò ó bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé. Èmi jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mò ń wo àwọn ojú tó ń ka ọ́síjìn. Màmá gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí ọmọ yìí, òní ni òun kọ́kọ́ rí i tó dákẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ já ẹ̀rọ bọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò wo ojú ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mò ń wo àpò. Mo ti ń gbọ́ èémí ìyàwó mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ṣùgbọ́n n kò fojú rí i rí. Ó wà níwájú mi báyìí, nínú àpò tí mo fọwọ́ mi gé, ó ń kún, ó ń fà. Mo gbé ọwọ́ lé e díẹ̀. Olómi fi ẹsẹ̀ ta mí jẹ́jẹ́ pé kí n má ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Horo funfun tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Kì í sáà ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ọjọ́ burúkú. A gbé ẹ̀rọ lọ sí adágún tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Olómi rì lọ sísàlẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Kò pẹ́ ló já sókè, ó ń wúkọ́, ó ń tutọ́. Omi ti wọnú ẹ̀rọ, ó kan horo funfun, ó sì gba páìpù wá sẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń jó ẹnu ju ata lọ. Ọ̀gá Gígùn da omi mímu sí i lẹ́nu, ó ní kó máa tu ú dànù, kó má gbé e mì.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ti de orí agolo le jù, òrùka rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti sán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti ń pa òwe náà fún àwọn oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo ń nu ojú. Olómi wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ètè tó ti wú, ó ní omi tó wà nínú adágún yẹn tó, kí n má wulẹ̀ fi kún un.

Ọjọ́ Ajé, 23

Òjò ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ojú omi ibú ti ń mọ́.

N kò fẹ́ kó lọ. Mo kọ ọ́ síbí nítorí n kò lè sọ ọ́ síta. Bí mo bá sọ ọ́, á rò pé n kò gbà pé ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Mo mọ ìyẹn. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 26

A tún lọ sí adágún. Ó pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé olùkọ́ àwọn ọmọdé wá bi mí bóyá mo rántí pé èèyàn wà nínú omi. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Ọ̀gá Gígùn tú ẹ̀rọ wò, ó gbọn àpò wò, ó fọwọ́ pa ìbora rẹ̀ tí Màmá rán, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eyín rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n á wọ ibú.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá ohun tí wọ́n sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 30

Mo fẹ́ kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo lọ tún fíríìjì ṣe fún obìnrin tó ń ta oògùn. Iṣẹ́ tí mo lè di ojú ṣe ni. Mo gé páìpù bàbà, mo fẹ ẹnu rẹ̀, mo mú nọ́ọ̀tì. Obìnrin náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mo yíjú sí i, mò ń dá a lóhùn. Nígbà tí mo padà wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìka mi ti bọnú agolo òróró, ó ti fi pa ẹnu páìpù yí ká. N kò rán an níṣẹ́. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé kí n fi ìka kan òróró, kí n fi pa ẹnu páìpù, kí n tó dè é, kó má bàa jò. Ó ti di ti ọwọ́, kì í ṣe ti orí mọ́.

Mo dúró lójú kan títí obìnrin náà fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Irú páìpù bàbà yẹn, irú nọ́ọ̀tì yẹn, ni mo fi so ìgò ọ́síjìn mọ́ ẹ̀rọ Olómi. Lọ́jọ́ tí mo so ó, Màmá ń bá mi ṣàwàdà láti ẹnu ọ̀nà, a jọ ń rẹ́rìn-ín. N kò rántí pé mo fi òróró sí i. N kò sì rántí pé n kò fi sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31

N kò tíì sọ.

Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ nínú adágún, iná kankan kò bí. Ṣùgbọ́n Olómi máa ń ṣí ẹnu ìgò díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọwọ́ tó balẹ̀. Bí wàhálà bá dé nísàlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ta ló mọ bó ṣe máa ṣí i?

Mo lè tú u ní kọ̀rọ̀, kí n fọ̀ ọ́, kí n tún un dè, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe é láìsọ fún mi, ṣé òun ni mo tún fẹ́ fọkàn tán? Bí mo bá sì sọ ọ́, Ọ̀gá Gígùn lè fagi lé gbogbo ẹ̀. Olómi ò ní lọ mọ́ nìyẹn, kò sì ní jẹ́ pé èmi ni mo dá a dúró. Nígbà tí èrò yìí wọlé, inú mi dùn díẹ̀. Ojú tì mí pé inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kọkànlá

Mo ti sọ.

Ó ń ká aṣọ nínú yàrá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí: fíríìjì obìnrin olóògùn, ìka mi, àwàdà Màmá. Mo rò pé á bínú. Ó kàn gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ gbé ẹ̀rọ wá sórí ibùsùn, ó wá aṣọ funfun tó mọ́, ó mú sípánà. Ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó fi aṣọ nu inú rẹ̀. Ó mọ́. Ó tú òmíràn. Òun náà mọ́. Èyí tó sún mọ́ ìgò jù lọ ló tú kẹ́yìn, aṣọ sì jáde pẹ̀lú àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Òróró fíríìjì ni,” ó ní.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ lórí ibùsùn. Mo sọ fún un pé ó kù díẹ̀ kí n pa á. Ó ní ṣùgbọ́n n kò pa á, òun rèé. Ìgbà yẹn ni èyí tó kù wá já bọ́ lẹ́nu mi.

“Mi ò fẹ́ kó o lọ. Kò sígbà kankan tí mo fẹ́ kó o lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn sí òróró yẹn díẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ó ní.

“O mọ̀, o wá ní kí n kọ́ ọ?”

Ó ń ká aṣọ tó ní òróró náà kéékèèké lọ́wọ́. “Ọ̀gá Gígùn fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo ìlú ló fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ìwọ nìkan lo ò rí ti ilẹ̀kùn rò, kí n sáà ti padà wálé ni tìẹ. Ta ni ǹ bá tún ní kó kọ́ ọ?”

A sunkún díẹ̀, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde lórí aṣọ tí òun ti ká.

Ọjọ́bọ̀, 2

A jọ lọ bá Ọ̀gá Gígùn. Ó gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. Ì bá sáà ti pariwo. Ó ti ọjọ́ ibú síwájú di ọjọ́ kọkànlá, ó ní bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ omi á ti fà jù. Ó ní gbogbo ibi tí ọ́síjìn ń gbà ni ká fọ̀, ká fi omi gbígbóná ṣàn án, ká tún un fọ̀. Láti òní lọ, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì mí, tí ń wo ọwọ́ mi nìkan, tí kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀.

Màmá ní òun á ṣe é. Ó wọ awò, ó jókòó dojú kọ ọwọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tí mo fẹ́ họ imú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi nígbọ̀nwọ́. Gbogbo òróró ṣọ́ọ̀bù ti wà lọ́dọ̀ aládùúgbò báyìí, àti ìpara Màmá pẹ̀lú, ìyẹn sì dùn ún ju ohun gbogbo lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ẹni tó bá so páìpù ọ́síjìn ló máa kọ́kọ́ ṣí i. Òfin wọn ni. Ọ̀gá Gígùn ní kí n ṣí i kíákíá, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. A gbé ẹ̀rọ sí àgbàlá, gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Mo ní kí Olómi wọlé. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. N kò bojú wẹ̀yìn. Ká ní mo bojú wẹ̀yìn ni, n kò ní ṣí i.

Mo ṣí i. Ó hó ṣíì, ó sì dákẹ́. Kò sí nǹkan kan. Mo tì í, mo tún un ṣí. Ọ̀gá Gígùn ní ó tó, ó tó, ọ́síjìn kì í ṣe omi òjò. Olómi kò tíì fi ṣẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ọ̀run mọ́ lónìí, kò sí atẹ́gùn. Ọ̀la ni. Olómi jẹun yó, ó ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Èmi àti Màmá kàn ń wo ara wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ láàárín ibú ni mo ti ń kọ eléyìí, ìwé náà wà lórí itan mi. Wọ́n wọ aṣọ kan fún mi tó kún fún afẹ́fẹ́, tí kò ní jẹ́ kí n rì. Ọ̀gá Gígùn wà níbí, àti atukọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀.

Olómi ti wọ omi. Ti Ọ̀gá Gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀. Kó tó lọ, ó fọwọ́ kan àpò mi, ó wò mí. N kò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ. Mo ní kó má jẹ́ kí òtútù mú òun o.

Àdéhùn wọn ni pé bí ó bá ṣetán tó ń bọ̀ lókè, á ju àpò àmì kan tó ń léfòó sókè lójú okùn. Bí ó bá jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò burú. Ti funfun ni kò dára. Òkè kò ṣeé sáré wá láti irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀; á máa dúró lójú ọ̀nà, níbí díẹ̀, níbẹ̀ pẹ́, kí ara rẹ̀ lè tú afẹ́fẹ́ tó ti kó sínú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sáré gòkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó. Ìrọ̀lẹ́ ló máa tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Omi dákẹ́. Ẹyẹ kan wà lórí òkúta lọ́hùn-ún.

Àpò àmì ti jáde. Funfun ni.

Pátákó kékeré tí wọ́n fi ń kọ̀wé lábẹ́ omi so mọ́ ọn. Ọ̀gá Gígùn kà á, ó gbé e fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹrù rẹ̀. Ìkọ̀wé Olómi ni, ó wọ́ díẹ̀:

*Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó ya páìpù ẹ̀yìn. Mo wà lórí tìẹ.*

Ọ̀gá Gígùn ti gbé ìgò sọ́wọ́, ó ti rì lọ pàdé rẹ̀. Ó kù èmi àti atukọ̀. Mo di okùn mú. Kì í ṣe pé okùn nílò mi. Mò ń yẹ ẹ̀rọ wò láti orí dé ìdí nínú ọkàn mi, láti ibi orí agolo, òrùka rọ́bà, fáàfù, etí àpò, dé nọ́ọ̀tì tó sún mọ́ ìgò. Bí mo bá dé òpin, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kò síbi tí mo lè dúró. Ó ń mí nínú rẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń mí nínú rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo tún ń bẹ rọ́bà.

Oòrùn ti yí sẹ́yìn wa. Ọ̀gá Gígùn yọrí lẹ́ẹ̀kan, ó fà mọ́ etí ọkọ̀. Ó ní, “Ó ń mí dáadáa. Ó kọ ọ́ sí pátákó pé kí o jẹun.” Ó mú ohun tó wá mú, ó tún rì lọ.

Mo jẹ búrẹ́dì. N kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ọwọ́ mi ò gbà mí láyè láti kọ ìyókù lánàá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí orí rẹ̀ yọ. Èmi àti atukọ̀ fà á sókè sórí ọkọ̀, Ọ̀gá Gígùn ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti hunjọ. Ẹnu ẹ̀rọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Gígùn ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó máa fa ọ́síjìn. Àpò ń kún, ó ń fà. Nígbà tí ó tó àsìkò, Ọ̀gá Gígùn ní ó lè yọ ọ́ wàyí. Kò yọ ọ́. Afẹ́fẹ́ ayé wà lórí wa lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó ṣì ń mí nínú àpò yẹn, ojú rẹ̀ wà lára mi. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, “Olómi, o ti dé. Bọ́ ọ, o ti dé.” Ó mi orí pé rárá. Mo wá fi ọwọ́ mi yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ẹnu ń ro mí,” ó ní.

Omi ti ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ omi àdúgbò láti àárọ̀. Àwọn aládùúgbò ń pọn ọ́n, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn, kò sí èyí tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, Olómi ṣì ń sùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé mo fẹ́ sinmi díẹ̀ ni.

Màmá wá pè mí fún oúnjẹ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí bí mo ṣe jókòó, kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́. Ó di ògiri mú, ó rọra fi orúnkún tó ń dùn ún sílẹ̀, ó jókòó tì mí. A jọ ń gbọ́ bó ṣe ń mí.